Obìnrin Tí Kò Ní Orúkọ: Àtúnkà Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìwé kan wà tí mo kọ́kọ́ bá pàdé nígbà tí mo ń wo iwájú. Mo tún un kà láìpẹ́ yìí, nígbà tí mo ti ń wo ẹ̀yìn, mo sì rí i pé ibì kan wà nínú rẹ̀ tí mo ti ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ kọjá láti ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ìwé náà ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ, èyí tí ó jáde ní ọdún 1938.

Kò sí olùkọ́ Yorùbá tí kò mọ ìwé náà. N kò sì ní in lọ́kàn láti tún ohun tí àwọn lámèyítọ́ ti sọ nípa rẹ̀ sọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ti fi odidi ìwé kan ṣe àlàyé àwọn ìtàn àròsọ Fágúnwà ní ọdún 1974, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó sì ti ti ipasẹ̀ wọn gba oyè láti ìgbà náà wá. Ohun tí mo fẹ́ sọ níhìn-ín kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ ara mi ni, ọ̀rọ̀ ilé wa ni. Ṣùgbọ́n ó kan ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ pẹ̀lú, nítorí pé inú kíláàsì ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Àtùpà ní Agbowó

Ọdún 1988 ni bàbá mi ra ẹ̀dà tiwa. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Akọ̀wé ni bàbá mi ní ilé iṣẹ́ kan ní Dùgbẹ̀, kò jìnnà sí Cocoa House. Agbowó ni a sì ń gbé, ní òdìkejì ọ̀nà sí Yunifásítì Ìbàdàn. Ilé tí a háyà ni, ìdílé mẹ́fà ni ó ń lo ẹ̀yìnkùlé kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ kan tí wọ́n san owó oṣù, bàbá mi yà sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ó máa ń tẹ́ ìwé àlòkù sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, ó sì ra Ògbójú Ọdẹ. Búrẹ́dì ni àwa ń retí. Ó mú búrẹ́dì dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwé yìí ni ó kọ́kọ́ yọ nínú àpò.

Ìwé náà ti gbó. Ẹnìkan ti kọ orúkọ rẹ̀ sí ojú ewé àkọ́kọ́, ẹlòmíràn sì ti fi báírò pa á rẹ́. Àkọtọ́ àtijọ́ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́: "nwọn" ni ó wà níbi tí olùkọ́ wa ti ń kọ́ wa ní "wọ́n", "aiye" ni ó wà níbi tí a ti ń kọ "ayé", "enia" ni ó sì dúró fún "ènìyàn". N kò mọ̀ nígbà náà pé ní ọdún 1974 ni ìjọba ti fọwọ́ sí àkọtọ́ tí a ń lò. Èrò tèmi ni pé bí àwọn ará igbó irúnmalẹ̀ ṣe ń kọ̀wé nìyẹn.

Bí NEPA bá ti mú iná lọ, bàbá mi yóò tan àtùpà, yóò sì fà á sún mọ́ ìwé. Àwọn ọmọ alájọgbélé wa yóò wọlé, wọn yóò jókòó sórí ẹní. Bàbá mi kì í ṣe ẹni tí ó máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ti di ọ̀rọ̀ Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún, ohùn rẹ̀ yóò wúwo bí ohùn ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ láti inú ìkòkò. Bí ó bá di ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbin, gbogbo wa yóò di imú. Nígbà tí ó bá sì di ibi tí Àkàrà-ògùn ti ń kó àwọn akọni jọ fún ìrìn àjò Òkè Láńgbòdó, olúkúlùkù wa ti mọ ẹni tí òun jẹ́ nínú wọn: Kàkò Oníkùmọ̀-Ẹkùn, Ìmọ̀dóye, Olóhùn-iyọ̀, Ẹlẹ́gbẹ̀dẹ-ọ̀dẹ̀, Èfòyè, Àràmàǹdà-Òkùnrin.

Èmi ni Kàkò. Mo gé ẹ̀ka igi gúáfà kan, mo bó èèpo rẹ̀, mo sì fi èédú to àmì ẹkùn sí i lára. Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, a ó ṣe eré náà ní ẹ̀yìnkùlé. Àbúrò mi obìnrin, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méje, ní òun náà fẹ́ lọ sí Òkè Láńgbòdó. A sọ fún un pé kò sí obìnrin nínú àwọn tí ó lọ. Ó bú sẹ́kún. Ìyá wa sì pàṣẹ láti inú ilé ìdáná pé kí a wá nǹkan fún un ṣe kí ó yéé pariwo.

Bí a ṣe fi í ṣe ìyàwó Kàkò nìyẹn. Iṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀. Yóò di ẹ̀wù mi mú, yóò sì bẹ̀ mí kí n má lọ. Èmi yóò fi igi gúáfà, tí ó ti di àdá ní àkókò yìí, kàn án ní ìbàdí. Yóò sì ṣubú. Lẹ́yìn èyí, àwa akọni yóò máa bá ìrìn àjò wa lọ sí ìdí kàǹga, tí í ṣe Òkè Láńgbòdó tiwa. A ṣe eré yìí títí n kò fi mọ iye ìgbà tí a ṣe é.

Ìbéèrè kan ní Ring Road

Ọdún gorí ọdún. Mo gba oyè kìíní, mo gba oyè ìkejì nínú ẹ̀kọ́ Yorùbá, mo sì di ẹni tí ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́. Mo ti ka Ògbójú Ọdẹ fún ìdánwò, mo ti kà á láti kọ àpilẹ̀kọ, mo sì ti kọ́ ọ ní kíláàsì ju ẹ̀ẹ̀mẹwàá lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ṣé mo mọ ìwé náà, ẹ̀rín ni n bá fi dá a lóhùn.

Ní sáà ìdánrawò ìkọ́ni kan tí kò tíì pẹ́, wọ́n ní kí n lọ wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní agbègbè Ring Road. Mo jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì pẹ̀lú ìwé máàkì lórí itan. Ọmọbìnrin tí ó ń kọ́ni jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ìtàn ìrìn àjò Òkè Láńgbòdó ni ó ń kọ́ wọn. Ó ti sọ ìtàn náà tán ní ṣókí, ó sì ń kọ ìwà akọni tí Kàkò hù sí ojú pátákó. Ó kọ ìkínní, ìgboyà; ó kọ ìkejì, agbára; ó kọ ìkẹta, ìpinnu ọkàn. Lábẹ́ ìkẹta, ó kọ ọ́ pé Kàkò kò jẹ́ kí ìfẹ́ obìnrin dá òun dúró.

Ọmọbìnrin kan ní ìlà kejì nawọ́ sókè. Ó dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni orúkọ obìnrin náà?"

"Ìyàwó Kàkò ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Ṣùgbọ́n kí ni orúkọ rẹ̀? Kí ni ó sì ṣe tí wọ́n fi pa á?"

Àwọn ọmọkùnrin rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ wọn kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí ìwé rẹ̀ wò, ó pa á dé, lẹ́yìn náà ó gbójú sókè, ó sì wo èmi tí mo jókòó sí ẹ̀yìn. Gbogbo kíláàsì náà sì yí padà, wọ́n ń wò mí. Mo tẹ orí ba, mo ń kọ nǹkan sínú ìwé máàkì. N kò kọ ohunkóhun tí ó nítumọ̀. Aago lù, Ọlọ́run sì yọ wá.

Nígbà tí a jáde, akẹ́kọ̀ọ́ mi kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, sà, n kò mọ̀ ọ́n ni."

Mo ní kí ó dìde. Mo gba ìwé ètò ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láti fọwọ́ sí i, mo sì ka ohun tí ó kọ sábẹ́ ìpinnu ọkàn. Ọ̀rọ̀ mi ni. Èmi ni mo pè é fún wọn ní kíláàsì, tí wọ́n sì dà á kọ. Èmi náà sì kọ́kọ́ kọ ọ́ nígbà tí mo wà ní yunifásítì, wọ́n fún mi ní máàkì lórí rẹ̀, mo sì gbé e pamọ́ bí ogún. Ohun tí mo kọ́ nínú eré ẹ̀yìnkùlé ní Agbowó ni mo gbé wọ kíláàsì yunifásítì, tí mo tún gbé wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí akẹ́kọ̀ọ́ mi sì gbé wá sí Ring Road. Ọmọ tí kò ju ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ ni ó wá dá ẹrù náà dúró, tí ó ní kí a tú u wò.

Àtúnkà

Mo dé ilé ní Bódìjà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà lẹ́yìn súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Dùgbẹ̀. N kò mú ẹ̀dà tuntun tí mo fi ń kọ́ni. Ẹ̀dà bàbá mi ni mo mú, nítorí pé èmi ni wọ́n kó ìwé rẹ̀ fún nígbà tí ó papò dà. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lẹ́tà kan kò yí padà nínú ìwé náà, síbẹ̀ ó ti di ìwé mìíràn lójú mi. Àgbákò kò bà mí lẹ́rù mọ́. Mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i bí ẹni tí ó tún pàdé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́. Ṣùgbọ́n ìwàásù àti ìmọ̀ràn inú ìwé náà, tí ó máa ń mú wa tòògbé nígbà tí bàbá mi bá ń kà á, ni ó wá gbà mí lọ́kàn. Ọjọ́ méje tí Ìrágbèje fi gba àwọn akọni nímọ̀ràn ní Òkè Láńgbòdó jẹ́ àkókò oorun fún wa ní kékeré. Lójú àgbà, mo rí i pé ibẹ̀ gan-an ni òǹkọ̀wé náà ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Agbára kọ́ ni wọ́n rìn jìnnà lọ wá. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni, kí ó lè tún ìlú wọn ṣe.

Mo sì tún rántí ohun kan tí mo ti mọ̀ tipẹ́ ṣùgbọ́n tí n kò kà sí. Olùkọ́ ni Fágúnwà. Ọmọ Òkè-Igbó tí wọ́n bí ní ọdún 1903 ni. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti St. Andrew's ní Ọ̀yọ́ ni ó ti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ náà ni ó sì ti ń kọ́ni ní àwọn ọdún tí ó fi kọ ìwé yìí. Títí tí ó fi kú sínú odò ní Wúyà, lẹ́bàá Bídà, ní oṣù Kejìlá ọdún 1963, iṣẹ́ ìwé àti ẹ̀kọ́ ni ó ń ṣe. Ẹni tí ó kọ ìwé náà jókòó sí ibi tí àwa náà jókòó sí lónìí. Nítorí náà, kì í ṣe àjèjì ni mo ń bá wíjọ́. Olùkọ́ bí tèmi ni.

Nígbà tí mo dé ọ̀rọ̀ Kàkò, mo rọra kà á. Ìsọ̀rí náà kò gùn. Ìgbéyàwó òun àti obìnrin náà wà nílẹ̀. Ìpè Òkè Láńgbòdó sì dé. Obìnrin náà dì mọ́ ọn, ó bẹ̀ ẹ́, ó rán an létí ìfẹ́ tí òun ti fi hàn sí i. Kàkò kò fẹ́ kí ó dá òun dúró, ó fi àdá ṣá a, ó sì kú. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìtàn fi ń bá ìrìn àjò lọ.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo ń wá orúkọ. Kò sí i. Òǹkọ̀wé tí ó fún ẹni tí ó dọ̀tí ní orúkọ, tí ó fún elégbèje iwin ní orúkọ, tí orúkọ àwọn ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ dùn létí bí ìlù, kò fún obìnrin yìí ní ẹyọ kan. Àwa tí a ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ẹni tí kò ní orúkọ, kò ní oríkì. Ẹni tí kò ní oríkì, kò sí bí a ó ṣe kì í nígbà tí ó bá kú.

Mo tún wá ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé, bàbá Àkàrà-ògùn yìnbọn fún ẹranko kan, ẹranko náà sì jẹ́ ìyàwó rẹ̀, ìyá Àkàrà-ògùn. Ikú obìnrin ni èyí náà, ó sì burú. Ṣùgbọ́n àjẹ́ ni wọ́n pe ìyá Àkàrà-ògùn, wọ́n ka ìwà ibi rẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀ kí ó tó kú. Wọn kò ka nǹkan kan sí obìnrin Kàkò lẹ́sẹ̀. Ìfẹ́ nìkan ni a bá lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà náà ni ìbéèrè ọmọ Ring Road náà wọ̀ mí lára: ire ìlú ni wọ́n ń lọ wá ní Òkè Láńgbòdó, obìnrin tí ó kú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà yìí, ṣé kì í ṣe ará ayé tí ó yẹ kí ire náà kàn ni?

Ohun tí àbúrò mi rántí

Àbúrò mi ti di abiyamọ. Ó ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ ní Challenge, ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run sì fi ta á lọ́rẹ. Ní ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀lé e, mo lọ kí i. A jẹun, a sọ̀rọ̀ ìyá wa, a sọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé. Nígbà tí oníbàárà dín kù, mo bi í bóyá ó rántí eré Ògbójú Ọdẹ tí a máa ń ṣe ní Agbowó.

Ó rẹ́rìn-ín. "Mo rántí, bùọ̀dá mi. Ẹ̀yin ni Kàkò."

"Ìwọ ń kọ́?"

"Èmi ni ẹ máa ń pa." Ó ń ká aṣọ bí ó ti ń sọ ọ́. "Sìmẹ́ńtì ẹ̀yìnkùlé yẹn máa ń gbóná ní ọ̀sán. Ẹ ní n kò gbọdọ̀ dìde títí ẹ ó fi ti Òkè Láńgbòdó dé, nítorí pé òkú kì í dìde. Ẹ̀yin a lọ sí ìdí kàǹga, ẹ a máa mu omi, ẹ a máa pariwo. Èmi a wà nílẹ̀. Ìgbà mìíràn wà tí ẹ máa ń gbàgbé mi síbẹ̀."

N kò mọ ohun tí n bá sọ. Mo ní, "Kí ló dé tí o kò kọ̀?"

Ó wò mí bí ẹni tí ó ń wo ọmọdé. "Ṣebí èmi ni mo sunkún pé mo fẹ́ bá yín ṣe é? Ibi tí ẹ fún mi nìyẹn."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Oníbàárà kan wọlé, ó dìde lọ dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n mo gbé ọ̀rọ̀ náà délé. Nínú gbogbo ohun tí mo ti kà nípa ìwé yìí, kò sí èyí tí ó là mí lóye tó ọ̀rọ̀ obìnrin tí ó dùbúlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì gbígbóná, tí ó ń gbọ́ ariwo àwọn akọni láti ọ̀nà jíjìn. Òkúta tí a tẹ̀ kọjá ni ó jẹ́ fún wa. Lójú tirẹ̀, ibẹ̀ ni ìtàn náà parí sí.

Kí ni olùkọ́ yóò ṣe?

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí yàrá àwọn olùkọ́ ní ẹ̀ka wa. Àgbà kan láàrin wa ní kí n má ṣe fi ojú òní ṣe ìdájọ́ ìwé ọdún 1938. Ó ní ìtàn ọdẹ ni. Gbogbo nǹkan inú rẹ̀ ni ó ju ti ènìyàn lásán lọ, títí dé ìbínú. "Igbó Irúnmalẹ̀ ni Kàkò wà," ni ó wí, "kì í ṣe Bódìjà." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Òdodo wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wá ènìyàn pípé nínú ìtàn akọni yóò ti ìwé gbogbo ayé dé tán, àti tiwa àti ti àwọn Gíríìkì.

Obìnrin ẹlẹgbẹ́ wa kan kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí a yọ apá náà kúrò nínú ohun tí a ń kọ́, nítorí pé àwọn ọmọkùnrin tí ó ń gbọ́ ọ lónìí ni yóò di ọkọ lọ́la. Òdodo wà nínú tirẹ̀ náà. A ń gbọ́ ìròyìn àwọn obìnrin tí ọkọ wọn lù pa, àwọn ọkùnrin náà kì í sì í gbé inú igbó.

Lẹ́yìn tí mo rò ó síwá tí mo rò ó sẹ́yìn, n kò lè gba ti ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì tán. Bí a bá fo apá náà, ohun tí èmi fúnra mi ti ń ṣe ni a tún ń ṣe, nítorí pé ọ̀nà kan láti fo nǹkan ni kí a kà á sókè láìdúró níbẹ̀. Bí a bá sì ní ìwé àtijọ́ ni, kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, a ti gbàgbé pé kì í ṣe ìwé àtijọ́ ni ó kọ "ìpinnu ọkàn" sí ojú pátákó ní Ring Road. Àwa ni. Fágúnwà sọ ohun tí Kàkò ṣe. Àwa olùkọ́ ni a fún un ní máàkì.

Bẹ́ẹ̀ ni n kò sì lè kọ ìwé náà sílẹ̀. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ìwé yìí ni ó sọ mí di òǹkàwé. Òun ni Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1968, òun ni Wálé Ògúnyẹmí gbé karí nígbà tí ó kọ eré Langbodo, èyí tí wọ́n ṣe níbi àjọ̀dún FESTAC ní ọdún 1977. Títí di òní, bí mo bá fẹ́ fi han akẹ́kọ̀ọ́ ohun tí èdè Yorùbá lè ṣe, òun ni mo kọ́kọ́ máa ń ṣí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ràn ilé bàbá rẹ̀ ni ó yẹ kí ó mọ ibi tí òrùlé rẹ̀ ti ń jò.

Ohun tí mo wá ṣe kò le. Ní kíláàsì wa tí ó tẹ̀lé e, mo ka ìsọ̀rí náà sókè, mo sì dákẹ́ nígbà tí mo dé ibi tí obìnrin náà ti kú. Mo jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo sọ fún wọn pé ohun tí mo ti ń kọ́ wọn lábẹ́ ìpinnu ọkàn, kí wọ́n fi ìlà fa á. Mo ní kí olúkúlùkù lọ kọ ẹkún ìyàwó fún obìnrin náà, nítorí pé ẹni tí ikú pa nídìí ìgbéyàwó ara rẹ̀ kò rí ààyè sun ún tán. Mo tún ní kí wọ́n fún un ní orúkọ, kí wọ́n sì sọ ìdí tí wọ́n fi yàn án, nítorí pé ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.

Iṣẹ́ tí wọ́n mú wá ya mí lẹ́nu. Àwọn kan sọ ọ́ ní orúkọ tí a fi ń ṣọ̀fọ̀, àwọn kan fún un ní orúkọ ayọ̀, wọ́n ní ìgbéyàwó ni ó wà lára rẹ̀, kì í ṣe ikú. Ọkùnrin kan, tí kì í sábà sọ̀rọ̀ ní kíláàsì, kò kọ ẹkún ìyàwó. Ó kọ ọ́ bí ẹni pé Kàkò ti Òkè Láńgbòdó bọ̀ pẹ̀lú gbogbo ọgbọ́n tí Ìrágbèje kọ́ wọn, tí ó sì bá ìyá obìnrin náà lẹ́nu ọ̀nà, tí ìyá náà bi í léèrè ọmọ rẹ̀. Ó parí rẹ̀ síbẹ̀. Mo bi í pé kí ni Kàkò dáhùn. Ó ní òun ti jókòó tì í láti alẹ́, òun kò rí ìdáhùn kankan fún Kàkò.

Mo rò pé olùkọ́ gidi ni yóò jẹ́.

Ìkádìí

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilẹ̀-Ifẹ̀. Gbogbo oyè tí mo gbà kò jẹ́ kí n rí ohun tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama rí ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ẹ óò jáde lọ kọ́ni, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rántí kò ju èyí lọ: nígbà tí ọmọ bá béèrè ohun tí ìwé kò sọ, ẹ má ṣe tẹ orí ba bí mo ti ṣe. Ẹ sọ fún un pé ìwé kò sọ ọ́, kí ẹ sì jọ wádìí ìdí rẹ̀. Ẹ sì máa padà sí ìwé tí ẹ fẹ́ràn ní kékeré. Ọwọ́ ẹni tí ẹ jẹ́ nígbà náà ṣì wà lára rẹ̀, ẹ ó sì rí ibi tí ó dára àti ibi tí kò dára tí ó fi ọwọ́ kàn.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi padà sí kíláàsì rẹ̀ ní Ring Road ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ó sọ fún mi pé òun nu ìkẹta kúrò lójú pátákó níṣojú àwọn ọmọ náà, òun sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó béèrè ìbéèrè.

Ní ti àbúrò mi, ó ní kí n yá òun ní ẹ̀dà bàbá wa, òun fẹ́ máa kà á fún àwọn ọmọ òun ní alẹ́. Mo gbé e lọ fún un ní Challenge. Mo kìlọ̀ fún un pé àkọtọ́ àtijọ́ ni, ó lè ṣòro fún àwọn ọmọ. Ó ní kò burú, òun yóò máa là á yé wọn. Mo tún bi í pé báwo ni yóò ti ṣe nígbà tí wọ́n bá dé ibi tí Kàkò wà.

Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó fi aṣọ nu eruku ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní, "N ó kà á fún wọn. N ó sì sọ fún wọn pé èmi ni."